William Powell Lear

William Powell Lear (26 Oṣù Kẹfà 1902 – 14 Oṣù Kàrún 1978), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Bill Lear, jẹ́ olùhùmọ̀ ẹ̀rọ, awakọ̀ òfuurufú àti oníṣòwò ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe bàálù Learjet sílẹ̀. Learjet 23, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba ní ọdún 1964, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ó rọrùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn olówó láti ní jẹ́ẹ̀tì ti ara wọn. Kí ó tó di ìgbà náà ni Lear ti ṣiṣẹ́ lórí rédíò inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà han awakọ̀ òfuurufú, àti ẹ̀rọ tí ń darí bàálù fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ tí ó gbà lórúkọ ara rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Nínú ìtàn ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n máa ń dárúkọ Lear pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ kì í sábà gbọ́: ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òfin tí a fi ń yẹ bàálù kékeré wò àti òfin tí a fi ń yẹ bàálù ńlá wò, pẹ̀lú àṣẹ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè wa irú jẹ́ẹ̀tì kan. Ìpinnu tí Lear ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí Learjet yára jáde sí ọjà. Òun kan náà ni ó sì fa díẹ̀ nínú ìṣòro tí bàálù náà kojú ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Lear ní ìlú Hannibal ní ìpínlẹ̀ Missouri. Reuben Lear ni orúkọ bàbá rẹ̀, Gertrude Powell sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò pẹ́ papọ̀ tí wọ́n fi pínyà, ìyá rẹ̀ sì mú un lọ sí Chicago, ó sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò bá Lear lára mu. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ láì parí rẹ̀, ó sì kúrò nílé nígbà tí ó ṣì kéré. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì ti bá iṣẹ́ rédíò pàdé.

Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ó mọ̀ nípa iná mànàmáná àti rédíò jẹ́ èyí tí ó kọ́ nípa kíkàwé fúnra rẹ̀ àti nípa títú ẹ̀rọ palẹ̀. Kò gba oyè yunifásítì kankan. Ìwà yìí kò kúrò lára rẹ̀ títí tí ó fi kú: bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó gbà síṣẹ́ bá fi ìṣirò hàn án pé ohun kan kò lè ṣeé ṣe, ó máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kí òun fi ojú rí i. Nígbà mìíràn èyí gbé e lékè, nígbà mìíràn ó ná an ní owó púpọ̀.

Rédíò inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ní àwọn ọdún 1920, Lear ń ṣiṣẹ́ rédíò ní Quincy, ìpínlẹ̀ Illinois, lẹ́yìn náà ní Chicago. Àwọn rédíò ìgbà náà tóbi, ẹ̀yà inú wọn sì ń gba àyè púpọ̀. Lear wá ọ̀nà láti ṣe wáyà wíwé tí ó kéré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ń tà á fún àwọn tí ń ṣe rédíò.

Iṣẹ́ yìí ni ó mú un bá Paul Galvin, onílé-iṣẹ́ Galvin Manufacturing ní Chicago, ṣe pọ̀. Lear àti Elmer Wavering wà lára àwọn tí ó ṣe rédíò tí ó ṣeé lò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti iná tí ń ṣẹ́ yẹ̀rì ni ìṣòro tí ó tóbi jù, nítorí wọ́n máa ń bo ohùn rédíò mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1930, Galvin gbé rédíò náà jáde lábẹ́ orúkọ Motorola, orúkọ yìí ni ilé-iṣẹ́ náà sì padà ń jẹ́. Lear kò dúró tì í. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ojú ọ̀run.

Àwọn ẹ̀rọ inú bàálù

Ní ọdún 1931, Lear ra bàálù alápá méjì kan tí ilé-iṣẹ́ Fleet ṣe, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀. Ó tètè rí i pé awakọ̀ òfuurufú ìgbà náà kò ní ohun púpọ̀ tí yóò fi mọ ibi tí ó wà bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń tẹ̀lé ojú irin rélùwéè láti ìlú kan dé òmíràn. Ní ọdún yìí kan náà ni ó dá ilé-iṣẹ́ Lear Developments sílẹ̀ láti máa ṣe rédíò fún bàálù, pàápàá èyí tí ń fi ìhà tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan wà han awakọ̀, kí ó lè fi í tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà.

Ní ọdún 1934, nígbà tí owó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta ìhùmọ̀ rédíò kan fún ilé-iṣẹ́ RCA, ó sì fi owó náà tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ bàálù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe àwọn mọ́tò kéékèèké àti ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀yà bàálù padà fún àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun, Lear, Incorporated di ilé-iṣẹ́ tí ó lókìkí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ inú bàálù.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gba ìyìn jù ní àkókò yìí ni ẹ̀rọ tí ń darí bàálù fúnra rẹ̀, tí a pè ní F-5. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì tóbi jù fún bàálù ogun kékeré. Ti Lear kéré, ó sì ní ohun tí ó ń so ó mọ́ àmì rédíò pápákọ̀ òfuurufú, tó bẹ́ẹ̀ tí bàálù lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ nígbà tí awakọ̀ kò rí ilẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Lear ní àmì-ẹ̀yẹ Collier ti ọdún 1949, èyí tí Ààrẹ Harry Truman fi lé e lọ́wọ́.

Láti Swítsàlandì dé Wichita

Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ń lo bàálù alábẹ̀bẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Lear fúnra rẹ̀ tún bàálù Lockheed Lodestar ṣe kí ó lè yára sí i, ó sì tà á lábẹ́ orúkọ Learstar. Ní ọdún 1956 ó wa bàálù Cessna 310 tirẹ̀ lọ sí Moscow, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà fún ará Amẹ́ríkà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Jẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀run. Lockheed ti ṣe JetStar, tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, North American sì ti ṣe Sabreliner. Ọkọ̀ ológun ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé wọn yóò jẹ́, wọ́n sì tóbi, owó wọn sì ga. Lear gbà pé bàálù jẹ́ẹ̀tì tí ó kéré gan-an, tí ó sì yára bí ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ńlá, yóò tà. Àwọn olùdarí Lear, Incorporated kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1962 ó ta ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún Siegler Corporation, ilé-iṣẹ́ náà sì di Lear Siegler. Lear, tí ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, kó owó rẹ̀ lé bàálù tí kò tíì sí.

Ní Swítsàlandì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ FFA ní Altenrhein, létí Adágún Constance, ti ṣe bàálù ogun kan tí ó ń jẹ́ P-16. Ìjọba Swítsàlandì fagi lé e ní ọdún 1958 lẹ́yìn tí méjì nínú wọn ti já sínú adágún náà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ lágbára, ó sì dára. Lear rí i pé irú apá bẹ́ẹ̀ lè gbé jẹ́ẹ̀tì kékeré. Ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pe bàálù tí ó ń gbèrò náà ní SAAC-23. Iṣẹ́ ń falẹ̀ ní Yúróòpù, nítorí náà ní ọdún 1962 ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, ìlú tí ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ìlú náà ràn án lọ́wọ́ láti rí owó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú.

Ọ̀nà méjì sí ìwé-ẹ̀rí

Kò sí bàálù tí a lè tà fún aráàlú ní Amẹ́ríkà àyàfi bí àjọ ìjọba tí ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, FAA, bá ti yẹ irú rẹ̀ wò, tí ó sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ní ìgbà tí Lear bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà. Òfin tí a ń pè ní CAR 3 wà fún bàálù kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ nígbà ìgbéra kò ju pọ́ùn 12,500 lọ, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 5,670. Òfin CAR 4b wà fún àwọn ọkọ̀ òfuurufú ìrìnnà, irú èyí tí ń kó èrò púpọ̀. Ní ọdún 1965 ni FAR 23 àti FAR 25 rọ́pò àwọn méjèèjì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kì í ṣe ti ìwé lásán. Òfin ọkọ̀ ìrìnnà béèrè pé bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú nígbà tí bàálù ń sáré lórí ilẹ̀, tí eré rẹ̀ sì ti kọjá ibi tí awakọ̀ lè dá a dúró, bàálù náà gbọ́dọ̀ lè gbéra pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ó kù, kí ó sì gòkè ní ìwọ̀n tí òfin là kalẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi ìdánwò ṣírò bí ojú ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan àti ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ lè gba ìkọlù ẹyẹ. Òfin bàálù kékeré kò béèrè gbogbo èyí ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ìdánwò rẹ̀ kò gba àkókò àti owó púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ń bá Lear díje, pàápàá Jet Commander tí ó kọ́kọ́ fò ní Oṣù Kìíní 1963, ń gba ọ̀nà ọkọ̀ ìrìnnà. Hawker Siddeley 125 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Mystère 20 ti ilé-iṣẹ́ Dassault ní ilẹ̀ Faransé náà ti ń fò. Lear gba ọ̀nà kejì. Ó ní kí wọ́n ṣe Learjet 23 tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ nígbà ìgbéra kò ní ju pọ́ùn 12,499 lọ, ìyẹn pọ́ùn kan sí ààlà. Ohun gbogbo nínú bàálù náà tẹ̀lé ìpinnu yìí. Inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè nàró nínú rẹ̀, kò sì sí àyè fún ẹrù púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì General Electric CJ610 méjì, tí a mú jáde láti inú irú ẹ́ńjìnnì bàálù ogun, ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Agbára wọn pọ̀ gan-an fún ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìjàm̀bá Oṣù Kẹfà 1964

Learjet àkọ́kọ́ fò ní 7 Oṣù Kẹwàá 1963, pẹ̀lú Hank Beaird àti Bob Hagan ní ìdarí. Owó Lear ń tán lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, gbogbo ohun tí ó ní sì dúró lé ìwé-ẹ̀rí náà. Ìdánwò ń lọ déédéé títí di 4 Oṣù Kẹfà 1964. Ní ọjọ́ náà, awakọ̀ FAA kan wà ní ìdarí bàálù àkọ́kọ́ náà, tí wọ́n ń dán ìgbéra wò bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kan ti kú. Àwọn pèpele orí apá tí ń pa agbára ìgbéra kù, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní spoiler, ṣì wà ní òkè, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Bàálù náà kúrò nílẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè gòkè. Ó balẹ̀ sínú oko kan, epo dà, iná sì jó o tán. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde láì farapa.

Ó lè jọ pé èyí ni òpin iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìjàm̀bá náà kò fi àléébù kankan hàn nínú bàálù fúnra rẹ̀. Owó ìdójútófò bàálù tí ó jó náà wọlé nígbà tí ilé-iṣẹ́ nílò rẹ̀ jù, wọ́n sì fi bàálù kejì parí ìdánwò. Ní 31 Oṣù Keje 1964, FAA fún Learjet 23 ní ìwé-ẹ̀rí, kò tíì pé oṣù mẹ́wàá tí ó kọ́kọ́ fò. Jet Commander, tí ó ti ṣáájú rẹ̀ fò, kò gba tirẹ̀ títí di Oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ní 13 Oṣù Kẹwàá 1964, wọ́n fi Learjet àkọ́kọ́ lé oníbàárà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́wọ́.

Àṣẹ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà

Ìwé-ẹ̀rí bàálù jẹ́ ohun kan, àṣẹ awakọ̀ jẹ́ ohun mìíràn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì méjì lè wa oríṣiríṣi bàálù alábẹ̀bẹ̀ láì gba àṣẹ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bàálù tí ìwọ̀n rẹ̀ ju pọ́ùn 12,500 lọ béèrè àṣẹ pàtàkì fún irú bàálù náà gan-an, èyí tí a ń kọ sára ìwé-àṣẹ awakọ̀. Bákan náà ni gbogbo bàálù tí ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó yọ Learjet 23 kúrò lábẹ́ òfin ọkọ̀ ìrìnnà kò yọ awakọ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin àṣẹ irú-ọkọ̀. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tún béèrè awakọ̀ méjì.

Láti gba irú àṣẹ yìí, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀rọ bàálù náà: epo, iná mànàmáná, bírékì, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ àti ohun tí a ń ṣe bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìwakọ̀ hàn: ẹ́ńjìnnì tí ó kú nígbà ìgbéra, bàálù tí eré rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àti ìbalẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan nígbà tí kò rí ilẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú ìdánwò yìí ni a ń ṣe nínú ẹ̀rọ àfiṣe-bàálù lórí ilẹ̀.

Ìdí tí òfin fi le báyìí hàn kedere nínú ìtàn Learjet 23. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wà á wá láti inú bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí kì í gòkè kánkán, tí kì í sì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Learjet ń gòkè bí bàálù ogun. Ní Oṣù Kejìlá 1965, ọ̀kan nínú wọn gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 40,000 láàrin ìṣẹ́jú méje àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí awakọ̀ alábẹ̀bẹ̀ ní ìṣẹ́jú púpọ̀ láti rò di ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí imú bàálù bá yí sí ìsàlẹ̀ lókè réré, eré rẹ̀ lè kọjá ààlà kíákíá. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ìjàm̀bá Learjet 23 pọ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Àìní ìrírí awakọ̀ nínú jẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí. Bàálù náà ti gba ìwé-ẹ̀rí tí ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn tí ń wà á kò tíì bá a dọ́gba. Láti ìgbà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi ẹ̀rọ àfiṣe kọ́ awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré ti ń di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútófò ń béèrè kí wọ́n tó gba awakọ̀ wọlé.

Learjet 24

Lear kò dúró sórí ọ̀nà kúkúrú náà. Àwọn oníbàárà fẹ́ gbé ẹrù àti epo sí i, ààlà pọ́ùn 12,500 sì ti di ìdè. Learjet 24, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ní Oṣù Kẹta 1966, jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ọkọ̀ ìrìnnà ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ̀n tí ó lè gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì lágbára sí i. Nípa báyìí, bàálù méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lóde ní ìwé-ẹ̀rí tí ó yàtọ̀ pátápátá, síbẹ̀ àṣẹ kan náà ni awakọ̀ fi ń wa wọ́n.

Ní 23 sí 26 Oṣù Kàrún 1966, Learjet 24 kan yí ayé ká láti Wichita padà sí Wichita. Wákàtí 50 àti ìṣẹ́jú 20 ni ó fi wà lójú ọ̀run.

Títa ilé-iṣẹ́ náà

Lear ná owó ju èyí tí ó ń wọlé lọ. Ó ń gbèrò bàálù tuntun kí ti àtijọ́ tó san owó ara rẹ̀, ọjà sì lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1967 ó ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Lear Jet fún Gates Rubber Company ti ìlú Denver. Ilé-iṣẹ́ náà di Gates Learjet, ó sì padà di ti Bombardier ti orílẹ̀-èdè Kánádà ní ọdún 1990.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Nígbà tí Learjet ń lọ lọ́wọ́, Lear tún ṣe Stereo 8, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì orin oní-ipa mẹ́jọ tí kò nílò kí ènìyàn yí i padà. Ilé-iṣẹ́ Ford fi ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ọdún 1966, ó sì gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó gba ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó ta ilé-iṣẹ́ bàálù, ó kó lọ sí Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí ó ti ná mílíọ̀nù dọ́là púpọ̀ láti ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń lo ooru omi híhó, kí èéfín ọkọ̀ lè dínkù. Bọ́ọ̀sì kan tí ó ní irú ẹ́ńjìnnì náà rìn ní California, ṣùgbọ́n ó ń jẹ epo púpọ̀, kò sì di ohun títà.

Ní ọdún 1976, Canadair ra ẹ̀tọ́ sí bàálù kan tí Lear gbèrò, LearStar 600. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Canadair mú kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju bí Lear ṣe fẹ́ lọ, Lear sì kọ ìyípadà náà. Bàálù náà ni ó di Challenger, ọ̀kan lára àwọn jẹ́ẹ̀tì oníṣòwò tí ó tà jù. Ó kọ́kọ́ fò ní Oṣù Kọkànlá 1978, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Lear Fan

Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni Lear Fan 2100. Ara rẹ̀ jẹ́ ti okùn kábọ́ọ̀nù tí a fi oje pa pọ̀, dípò álúmíníọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì méjì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń yí ní ẹ̀yìn ìrù. Lear ń retí pé yóò sáré bíi jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú epo tí ó kéré gan-an.

Kò rí i kí ó fò. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Moya tẹ̀síwájú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi owó sí i kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí Àríwá Írẹ́lándì. Owó náà so mọ́ pé kí bàálù náà fò kí ọdún 1980 tó parí. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà ìṣòro kan dá a dúró. Ó fò ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ́ ọjọ́ 32 Oṣù Kejìlá 1980. Ìbéèrè FAA lórí àpótí ìjánu tí ó so ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀ àti lórí agbára ara kábọ́ọ̀nù náà kò tán. Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní ọdún 1985 láì gba ìwé-ẹ̀rí. Ọkùnrin tí ó gba ìwé-ẹ̀rí Learjet láàrin oṣù mẹ́wàá ni bàálù ìkẹyìn rẹ̀ kò gba ti rẹ̀ láé.

Ìgbé ayé ara ẹni àti ikú rẹ̀

Lear ti gbéyàwó ṣáájú kí ó tó fẹ́ Moya Olsen ní ọdún 1942. Moya jẹ́ ọmọ Ole Olsen, ọ̀kan lára àwọn apanilẹ́rìn-ín orí ìtàgé tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì wà papọ̀ títí di òpin ayé rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí ẹni tí inú rẹ̀ ń yára ru, tí kì í sì í sùn bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á ní Reno ní 14 Oṣù Kàrún 1978, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 75. Ní ọdún náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú Gbọ̀ngàn Ọlá Òfuurufú Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ogún rẹ̀

Ó lé ní 3,000 Learjet tí wọ́n ṣe kí Bombardier tó fi ti ìkẹyìn lé oníbàárà lọ́wọ́ ní Oṣù Kẹta 2022. Nínú ìwé-àṣẹ awakọ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ Lear ṣì wà: àṣẹ tí a ń kọ sílẹ̀ bíi LR-JET ni awakọ̀ fi ń wa Learjet 23, 24, 25, 31, 35, 36 àti 55, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àfikún lórí ohun tí ọ̀kan fi yàtọ̀ sí òmíràn. Learjet 45 àti 60, tí ẹ̀rọ inú wọn jẹ́ tuntun, ní àṣẹ tiwọn.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Cessna ṣe Citation ní ọdún 1971 ní bàálù tí kò yára tó Learjet ṣùgbọ́n tí ó rọrùn láti wà, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lábẹ́ òfin ọkọ̀ ìrìnnà. Ní ọdún 1977, irú rẹ̀ kan jáde tí awakọ̀ kan ṣoṣo lè wà. Àwọn jẹ́ẹ̀tì kékeré ti ọ̀rúndún kọkànlélógún ti padà sí òfin bàálù kékeré tí Lear gbà, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí awakọ̀ rẹ̀ lè wà láì gba àṣẹ irú-ọkọ̀.